Ta Ló Jókòó Sí Àga Kejì? Tíkẹ́ẹ̀tì Onídán Dá Ọ̀rọ̀ Sílẹ̀ Ní Àgídìngbì

Òjò alẹ́ Sátidé kan ló fa gbogbo rẹ̀. Páànù ń jò nínú ilé Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní Àgídìngbì, omi sì ń kán tó, tó, tó sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí àpótí onípáànù ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wẹ́dà ni, ló fa àpótí náà jáde kí omi tó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn yẹ inú rẹ̀ wò. Ìwé owó orí wà níbẹ̀, ìwé ìsinmi láti ilé iṣẹ́, fọ́tò àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àpò lẹ́tà kan tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni wọ́n ti rí bébà onídán kan àti tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta.

Bébà náà ti ya lókè. Orúkọ onídán ti bá yíyà yẹn lọ. PROF. nìkan ló ṣẹ́ kù, ibi tó yẹ kí orúkọ tẹ̀ lé e, eku ti jẹ ẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwòrán obìnrin kan wà nínú àpótí gígùn: orí yọ lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ yọ lápá òsì, ayùn wà láàárín. “Saturday, 25th December” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò kọ ọdún.

“Professor Peller rèé!” Wẹ́dà fò sókè. “Màámi, Professor Peller rèé o!”

Ọmọ ọmọ ìyá, tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, gbójú sókè: “Peller ti TikTok ni?”

Ìyá wò ó, ó mi orí. Kò sọ nǹkan kan.

Ká má bú ọmọ náà. Òde òní, ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí Peller ni ọmọkùnrin kan tó ń ṣe eré lórí fóònù. Àwọn àgbà díẹ̀ tún mọ Shina Peller, tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá láti 2019 sí 2023. Ṣùgbọ́n bàbá Shina ni Peller tí gbogbo ayé ń sáré tọ̀ lẹ́yìn láyé ọjọ́sí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i ní 1941, Moshood Folorunsho Abiola lorúkọ rẹ̀. Láti 1954 ló ti ń pidán kéékèèké kiri Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Ní 1959 ó pa á tì, ó lọ bá ilé iṣẹ́ G.B.O. ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ òwò. Idán kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní 1964 ó wọ Íńdíà lọ láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, ó lo bí oṣù méjìdínlógún níbẹ̀, ó gba Làìbéríà, nígbà tó sì di 1966, ó ti padà sórí ìtàgé ní Nàìjíríà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Lady Peller, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ìyàwó á wọ àpótí, ọkọ á gbé ayùn, àwọn tó ń wòran á fọwọ́ bojú. Ní oṣù kẹjọ 1997 làwọn apànìyàn wá ká a mọ́lé ní Onípanu, l'Ékòó, wọ́n sì pa á.

Nítorí náà, bébà tó bá ní Professor Peller lórí ní tòótọ́, láàárín 1966 sí 1997 ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá ọdún rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Àyè tó fẹ̀ ni, irọ́ sì ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Wẹ́dà kò ní sùúrù ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Owó ṣọ́ọ̀bù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Onílé ti kọ nọ́ńbà sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí oṣù bá fi parí, òun á ti àgádágodo ti òun mọ́ ọn. Ó ya bébà náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ra ẹrù àtijọ́, àwo orin, rédíò àtijọ́, pósítà àtijọ́, gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọkùnrin náà bi í: “Ọdún wo ni?”

Wẹ́dà rántí pé wọ́n ní 1966 ni Peller dé. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: “1966.”

Ọkùnrin náà fèsì pé bó bá jẹ́ 1966, tó sì jẹ́ ti Peller, òun á san owó tó lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé, ṣẹ́ńjì á tún kù. Ó ní òun ń bọ̀ ní Fúráìdé.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kò wo bébà onídán. Tíkẹ́ẹ̀tì ló mú lọ́wọ́, ó ń yí wọn wò. Méjì jẹ́ ti àgbàlagbà, ₦2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọdé, ₦1. Wọ́n ti ya etí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ni pé wọ́n fi wọlé. Oshogbo ni eré náà ti wáyé.

“Ta ni bàbá yín bá lọ wòran ní Òṣogbo lọ́jọ́ Kérésì?” Ohùn rẹ̀ tutù, èyí tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ràn rárá. “Tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà méjì. Èmi ò wo onídán rí láyé mi.”

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí! Ọmọ ń wá ọdún tó máa pa owó, ìyá ń wá ọdún tó máa tú àṣírí. Bébà kan náà ni.

Lójú ọ̀nà kan náà, ilé mẹ́ta sí tiwọn, ni Bàbá Atẹ̀wé ń gbé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ṣómólú ló ti lo ayé rẹ̀, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí èṣúṣú, ibẹ̀ ló ti ń to lẹ́tà títí tí kọ̀ǹpútà fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá àti ọmọ forí lé láàárọ̀ Mọ́ńdè.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá.”

“Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ kú òjò ìjẹta. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Bébà yìí la ní kí ẹ bá wa kà.”

Bàbá kò ka nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ yí bébà náà dojúdé, ó ń fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja. Ó ní kí wẹ́dà náà fọwọ́ kàn án. Ibi tí lẹ́tà ńláńlá wà níwájú ti yọ gọ́ńgọ́-gọ́ńgọ́ lẹ́yìn.

“Lẹ́tà onígi ni wọ́n fi tẹ àwọn tó tóbi, òjé ni wọ́n fi tẹ àwọn kéékèèké,” ó ní. “A ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi yíǹkì pa wọ́n, ẹ̀rọ á wá tẹ bébà mọ́ wọn. Agbára ni. Ìdí nìyẹn tó fi wọ inú bébà.”

Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì tó gbòde lẹ́yìn ìgbà náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pẹrẹsẹ ni tirẹ̀, bí èèyàn fọwọ́ ra á títí kò ní bá òkè kankan pàdé. Fótókọ́pì sì tún yàtọ̀. Ìyẹ̀fun tí iná yọ́ ni yíǹkì rẹ̀, orí bébà ló jókòó sí, ibi tí wọ́n bá ti ká a a máa ṣí bí ọ̀dà ara ògiri. Ẹni tó bá ní gíláàsì kékeré táwọn aláago máa ń há sójú, kó fi wo àwòrán. Bó bá rí àwọ̀ mẹ́rin tó to ara wọn ní tó-tò-tó bí àtẹ̀gùn èèrà, tí wọ́n sì ní pósítà ayé àwọn òyìnbó ìgbà kan ni, kó yáa rọra dìde. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ pósítà onídán nílùú òyìnbó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ojú tirẹ̀ rí hátiháti bí ìgbà téèyàn fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, kì í tò bí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé ìtẹ̀wé Friedländer tó wà ní Hamburg, ní Jámánì, tiẹ̀ máa ń fi nọ́ńbà sí pósítà rẹ̀, àwọn tó ń ṣa nǹkan onídán jọ sì ń fi nọ́ńbà yẹn mọ ọdún rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé tiwa náà máa ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí ẹsẹ̀ bébà. Àwa tí a ń ra àkàrà ni kì í wo ẹsẹ̀ bébà.

“Ṣé ti 1966 ni, Bàbá?” Wẹ́dà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Ẹ̀rọ kò lè sọ ìyẹn fún ọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lo òjé títí ó fi sú òjé. Jẹ́ ká wo owó.”

Owó! Ibi tí àwọn oníṣòwò ti gbọ́n jù nìyí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń ṣìnà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé. Ṣáájú ọjọ́ náà, pọ́n-ún, ṣílè àti pẹ́nì là ń ná. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ 2/6 sí, ṣílè méjì àti sísì nìyẹn, ayé ṣáájú 1973 ló ti wá. Èyí tí wọ́n bá kọ náírà sí kò lè jẹ́ ti 1966 láé, bí wọ́n fi gbogbo Kùránì àti Bíbélì búra. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti ẹnu ṣe é o. Àwọn ìyá wa ò fi ṣílè sílẹ̀ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní ṣílè kan, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè ní ṣílè márùn-ún, náírà méjì ni pọ́n-ún. Bí màmá àgbà bá ní ṣílè márùn-ún lòun san wòran, ó lè jẹ́ 1968, ó lè jẹ́ 1978. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bébà ni kí a bi.

Bàbá fi èékánná tọ́ka sí ₦2. Wẹ́dà rí i. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹni tó fẹ́ rà á ò ní mọ̀ nǹkan kan. Ṣé ẹ ò lè bá mi gbà á sí 1966?”

“Ẹni tó ń ra nǹkan àtijọ́ ni kò ní mọ̀?” Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tí ò ń jó irin, bí mo bá gbé irin tí wọ́n kùn lọ́dà wá fún ọ pé góòlù ni, ṣé o ò ní mọ̀?”

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àwọn tó ń ta ayédèrú pọ̀, ọgbọ́n wọn kò sì jìn tó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n á rẹ bébà tuntun sínú omi tíì kó lè pọ́n, wọ́n á fi èéfín sí i. Wọ́n á wá gbàgbé nǹkan tó hàn gbangba. Bí nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 bá wà lára pósítà tí wọ́n ní Peller fi ṣeré, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá láti ọ̀run ló ti ń pè. 2001 ni irú fóònù yẹn dé Nàìjíríà, Peller sì ti kú láti 1997. Àbí ẹni tó gbé pósítà Houdini wá, pé láti ayé Houdini gan-an ni. Houdini, onídán tí kò sí ṣẹkẹṣẹkẹ tí kò lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀, kú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1926. Iná aláwọ̀ búlúù tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò, kí wọ́n tàn án sí irú bébà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bébà òde òní ní ẹbu tó ń mú un funfun, á tàn yòò lábẹ́ iná náà. Bébà ayé Houdini kò ní ẹbu yẹn. Bó bá tàn yòò, ẹ gbé owó yín padà sínú gèlè.

Ká padà sí Àgídìngbì. Bàbá béèrè bírò, ó ya ìlà sórí páálí kan.

Ọdún tí wọn ò kọ, ọjọ́ ló ń sọ ọ́. Sátidé ni Kérésì ọdún náà. Kérésì kì í dúró sójú kan: bó bá bọ́ sí Sátidé lọ́dún yìí, Sọ́ńdè ni ti ọdún tó ń bọ̀, a máa sún síwájú ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù kejì ọdún kan bá wá ní ọjọ́ 29, Kérésì ọdún náà á fo ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ní sùúrù lè kà á pẹ̀lú ìka. Bàbá kà á. Láti 1960 títí di 2000, ọdún mẹ́fà péré ni Kérésì bọ́ sí Sátidé: 1965, 1971, 1976, 1982, 1993 àti 1999.

“1966 dà?” ni wẹ́dà béèrè.

“Sọ́ńdè ni Kérésì bọ́ sí lọ́dún yẹn. 1966 rẹ ti lọ kí owó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Náírà pa 1965 àti 1971 rẹ́. Ó ku mẹ́rin. Bàbá wá ní kí ìyá ka ibi tí eré náà ti wáyé. Ìyá kà á: Oshogbo, Oyo State.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ta ló tún ń pe Òṣogbo ní Oyo State lónìí? Olú ìlú Ọ̀ṣun ni. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ló dé, pẹ̀lú Ògùn àti Oǹdó. Kó tó dìgbà náà, Western State là ń pè é láti 1967, Western Region ló sì ń jẹ́ ṣáájú ìyẹn. Àdírẹ́sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í gba owó ẹ̀yìn. Ó pa 1993 àti 1999 rẹ́.

Ó ku 1976 àti 1982. Ìyá ń wo ẹnu Bàbá bí ẹni ń dúró de ìdájọ́ kóòtù.

Bàbá gbé bébà náà sún mọ́ imú. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán, lẹ́tà kéékèèké kan wà tí ojú àwọn tó kù kò rí: “As seen on NTA.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní 1977 ni ìjọba fi òfin kó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba jọ, tí orúkọ NTA sì wọ ẹnu aráyé. Kó tó dìgbà náà, WNTV ni àwọn ará Ìbàdàn mọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Àwọn ará Èkó ń wo NBC. Ẹ̀yin ará Àgídìngbì náà mọ̀ pé tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ Èkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ayé Jákàńdè ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1980. Onídán tó fẹ́ polówó ara rẹ̀ á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó lókìkí nígbà náà. Kò lè dárúkọ èyí tí wọn ò tíì sọ lórúkọ.

Bàbá fa ìlà sí 1976. “1982 ni.”

Wẹ́dà joko pẹ̀lú ọwọ́ nípàákọ́. “Ó ṣáà jẹ́ ti Peller?”

Bàbá ní òun ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bébà náà kò sọ. PROF. kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Láti ayé àwọn òyìnbó ìgbàanì làwọn onídán ti ń pe ara wọn ní Professor. Anderson ará Skọ́tílándì, tó kú ní 1874, ń jẹ́ Professor kí wọ́n tó bí bàbá Peller. Àwòrán ayùn ńkọ́? Kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ P. T. Selbit ló kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ obìnrin lójú gbogbo èèyàn ní London, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1921, kò sì pẹ́ tí àwọn onídán yòókù fi gbà á ṣe. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1956, Sorcar ará Íńdíà ṣe é lórí tẹlifíṣàn BBC. Ó rẹ́ ọmọbìnrin náà tán, ó pè é, ọmọbìnrin ò dáhùn, àsìkò ètò sì tán, ni wọ́n bá gé e kúrò! Tẹlifóònù BBC kò sinmi lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn rò pé wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ lójú àwọn. Ọmọ náà wà láàyè o, ara rẹ̀ le.

Lójú Bàbá, ohun kan tún burú jùyẹn. Àwọn atẹ̀wé máa ń ní bulọ́ọ̀kì onírin tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Oníbàárà yòówù tó bá dé, bulọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n á fà yọ. Nítorí náà àwòrán lè dàgbà ju eré lọ, ó sì lè má jẹ́ àwòrán onídán tó fẹ́ ṣeré rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ tí eku jẹ, kó lọ sí ilé ìkàwé tí wọ́n ti ń kó ìwé ìròyìn pamọ́, kó béèrè Tribune àti Sketch ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì 1982. Bí ìpolówó eré náà bá wà níbẹ̀, orúkọ á wà níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí. Ó ti dìde.

“1982,” ó ní. “Mo mọ 1982. Ọmọ jòjòló ló wà lọ́wọ́ mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ni. Bàbá yín ní òun fẹ́ lọ kí màmá òun ní Òṣogbo. Ó mú ọ dání,” ó nàka sí wẹ́dà, “o ò tíì pé ọdún mẹ́fà. Adìyẹ méjì àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ ni ẹ gbé bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ti onídán fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ ti àgbàlagbà kejì fún mi!”

Bàbá Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ká gíláàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìtẹ̀wé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ní kí wọ́n pe ẹni tó bá ṣì wà láyé nínú àwọn ará ilé Òṣogbo. Ó ní bébà lè sọ ọjọ́, kò lè sọ ẹni tó jókòó sórí àga.

Àbúrò ọkọ kan ló kù. Akọ̀wé ni ìyá ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Wẹ́dà tẹ nọ́ńbà, ó gbé e sí gbohùngbohùn.

“Ìyàwó wa! Ṣé kò sí o?”

“Akọ̀wé, kò sí. Ìbéèrè kan ni. Kérésì 1982. Ta ni ẹ̀gbọ́n yín mú lọ wo onídán?”

Ẹnu dákẹ́ lódìkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

“Ta ló tú u fún yín? Màámi ni o! Màámi!”

Bó ṣe lọ nìyí. Màmá àwọn, ìyá ìjọ ni, aṣọ funfun àti lẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ń bá gbogbo àdúgbò wí pé iṣẹ́ èṣù ni idán. Lọ́jọ́ Kérésì yẹn, ọmọ kékeré ń sunkún pé òun fẹ́ wo onídán, bàbá rẹ̀ ní òun á mú un lọ, ni màmá bá ní òun á tẹ̀ lé wọn kí èṣù má bàa gbé ọmọ ọmọ òun. Ìgbà tí wọ́n gbé ayùn lé obìnrin inú àpótí, màmá dìde dúró lórí àga, ó ń pariwo “Jésù! Jésù!”, ó sì fi gèlè bo ojú ọmọ. Obìnrin náà jáde lódindi, ó ń jó. Màmá jókòó. Kò kúrò níbẹ̀ títí eré fi parí. Lójú ọ̀nà ilé ló mú kí ọmọ rẹ̀ búra pé kò ní sọ ọ́ ní Èkó, kó má bàa dé etí àwọn ará ìjọ.

“Ó sì búra,” ni Akọ̀wé sọ. “Àwa tá a wà nílé nìkan la mọ̀. Orúkọ onídán? Ìyàwó, mi ò sí níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ò kárí mi.”

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ jókòó padà. Ó kọ́kọ́ bú ọkọ rẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń bú òkú tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹ̀rín ló wá tẹ̀ lé e, omijé sì wà níbẹ̀.

Wẹ́dà ò rẹ́rìn-ín. Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé ló mú lọ́wọ́, ó ń wo ₦1 tó wà lára rẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti máa ń lá àlá kan: òkùnkùn, aṣọ tó ń rùn fún kánfọ̀, tí ẹnì kan fi bò òun lójú, àti ariwo ayùn. Ó ní òun rò pé nítorí iṣẹ́ irin tóun ń ṣe ni.

Ní Fúráìdé, ọkùnrin tó ń ra ẹrù àtijọ́ pè. Wẹ́dà sọ fún un bó ṣe jẹ́: 1982, Òṣogbo, orúkọ ti ya, kò sí ẹ̀rí pé Peller ni. Ọkùnrin náà ní òun á ṣì fún un ní nǹkan díẹ̀ lórí bébà yẹn, bí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

“Bébà wà,” wẹ́dà ní. “Tíkẹ́ẹ̀tì ò sí ní títà.”

Wọ́n ń ná bébà náà lọ́wọ́ nígbà tí onílé ṣọ́ọ̀bù kanlẹ̀kùn.